Amante Kì Í Ṣe Olólùfẹ́: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nínú Èdè Potogí

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dójú tì mí nínú èdè Potogí ni amante. Mo ń wá bí wọ́n ṣe ń pe olólùfẹ́, mo lọ sórí ẹ̀rọ ìtumọ̀ inú fóònù mi, mo gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ohun tó gbé jáde fún mi nìyẹn. Ó dùn-ún pè, ó sì jọ amor tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìfẹ́. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí obìnrin kan tó ń gbé ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brasil: Bom dia, minha amante. Àmì búlúù méjì yọ. Ó ń tẹ nǹkan, ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nígbà tí èsì máa dé, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: Amante de quem?

Àlè ta ni?

Àlè ni amante lẹ́nu àwọn ará Brasil òde òní. Ẹni tí baálé ilé ń yọ́ lọ bá lálẹ́ ni, tàbí ẹni tí abilékọ ń fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó ṣì lè jẹ́ ohun rere bí ẹ bá ní ẹnì kan jẹ́ amante da música, ìyẹn ẹni tó fẹ́ràn orin gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi minha, ìyẹn tèmi, ṣáájú rẹ̀, ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Meu amor ni ǹ bá kọ. Ó tó.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ní Òṣogbo. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé tí ọdún Ọ̀ṣun ń wọlé bọ̀, ẹ ó rí àwọn àlejò láti Brasil nínú aṣọ funfun, wọ́n á máa ya fọ́tò, wọ́n á máa ra ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á máa bèèrè ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi kún ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Èmi ń ta àdìrẹ àti bátíìkì lójú ọ̀nà yẹn. Àlejò á ra ọ̀pá aṣọ mẹ́rin, á gba nọ́ńbà, ó parí. Nígbà mìíràn kì í parí síbẹ̀. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni; ohun tó kàn yín ni àṣìṣe tí mo fi bí ọdún kan àbọ̀ ṣe, kí ẹ̀yin má baà tún un ṣe.

Kí n tó kọ amante rárá ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ ọ̀rọ̀ 20 sínú rẹ̀ lójúmọ́, ọ̀rọ̀ lápá òsì, ìtumọ̀ lápá ọ̀tún: coração, ọkàn, beijo, ìfẹnukonu, abraço, ìdìmọ́ra, carinho, ìkẹ́. Nígbà tí oṣù fi máa pé, ọ̀rọ̀ 600 ti wà níbẹ̀. N kò lè fi ẹyọ kan nínú wọn dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Orúkọ nǹkan ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kò tó nǹkan, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń so wọ́n pọ̀ kò sì sí rárá. Mo dà bí ẹni tó ra ata, àlùbọ́sà, irú àti epo jọ, tí kò ní ìkòkò.

Ẹ wo gostar, òun sì ni ẹ máa lò jù. "Gostar: fẹ́ràn" ni mo kọ sínú ìwé. Ni mo bá ń sọ gosto você, nítorí mo fẹ́ràn rẹ ni àwa ń sọ, kò sí nǹkan kan láàárín fẹ́ràn àti rẹ. Potogí kò gbà bẹ́ẹ̀. Gosto de você ni. De yẹn kò ṣeé fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìtumọ̀ kan tí ẹ lè fọwọ́ bà. Apaixonado, ẹni tí ìfẹ́ ti kó sí lórí, por ló ń tẹ̀ lé e: apaixonado por você. Sonhar, lá àlá, com ni tirẹ̀: sonhei com você, mo lá àlá rẹ. Casar, gbéyàwó tàbí lọ́kọ, com náà ni. Láti ìgbà yẹn, n kì í kọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ láìkọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tì í.

Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tún jẹ́ ohun mìíràn. Fẹ́ tiwa gbòòrò: a fẹ́ oúnjẹ, a fẹ́ lọ, a fẹ́ ìyàwó, a fẹ́ ẹni tí a fẹ́. Mo gbé e lọ sí Potogí bẹ́ẹ̀: te quero. Lẹ́nu wọn, tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin, ara ni te quero máa ń bèèrè ju ọkàn lọ. (Àwọn tó ń sọ èdè Spanish ní te quiero tí wọ́n ń sọ fún ìyá àti ọmọ pẹ̀lú, ẹ má fi ìyẹn wọ̀n ọ́n.) Bí ó ṣe ń gòkè nìyí, láti fífúyẹ́ dé wíwúwo: gosto de conversar com você, mo fẹ́ràn kí n máa bá ọ sọ̀rọ̀, gosto de você, gosto muito de você, estou apaixonado, eu te amo. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ fi pamọ́. Mo sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Èsì tó wọlé ni: Isso é golpe? Ṣé jìbìtì nìyí? Ó dùn mí wọra, àmọ́ mo mọ ibi tí ó ti wá. Ọmọ Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eu te amo: àwọn ọmọ Yahoo ti lo gbólóhùn yẹn títí ó fi gbó. Ohun tó gbà mí ni pé mo tan fídíò fóònù, mo fi ìkòkò aró àti aṣọ tí mo sá sórí okùn hàn án, n kò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ owó láéláé.

Ẹnu wa gbè wá níbì kan, ó dà wá níbòmíràn. Ohùn imú tó wà nínú coração, paixão àti irmão, tó ń fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní wàhálà, kì í ni Yorùbá lára. Ẹni tó bá lè pe ọ̀run àti ìbọn ti ní imú tó máa fi pè é. X inú paixão, ṣ wa gan-an ni, bíi Oxum tí wọ́n ń kọ fún Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì máa ń ké pè bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá délẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Brasil, de ń dún bíi jí wa, o tó bá parí ọ̀rọ̀ ń dún bíi u. Gosto de você, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín báyìí: gọ́stu jí vosé.

Ibi tó ti dà wá ni pé a kò ní z, a kò sì ní v. S tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, z ni wọ́n ń pè é, torí náà kazar ni casar. Bí ẹ bá pè é ní s, ó di caçar, ìyẹn dọdẹ. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí n tó rán an: Um dia quero casar com você. Ohun tó gbọ́ ni pé lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ bá a dọdẹ. Ó bi mí bóyá ìbọn ni màá gbé àbí pàkúté. Bí mo ṣe tún ẹnu mi ṣe nìyí: mo fi ìka méjì lé ọ̀fun. Bí ẹ bá ń pe s, ọ̀fun ò ní gbọ̀n. Bó bá jẹ́ z ni, ẹ ó gbọ́ ọ lára ìka bí ìgbà tí oyin ń kùn nínú igbá. Casa, casal, casar, beleza, desejo: ogún ìgbà láàárọ̀, ogún ìgbà lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. V náà, eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni ń pe f, kí ọ̀fun sì gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n, vaca, màlúù, á di faca, ọ̀bẹ.

Àmì orí fáwẹ̀lì ni àwa tó mọ Yorùbá-á kà máa ń ṣì jù. A rí é, a ní ohùn òkè nìyẹn. Kì í ṣe ohùn. Ó ń sọ ibi tí ẹ máa tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ bí ẹnu ṣe máa ṣí tó. É ni ẹ wa, ê ni e wa; ó ni ọ wa, ô ni o wa. Café, ẹ ló parí rẹ̀. Você, e ni. Ìyàtọ̀ tí etí ẹlòmíràn kì í gbọ́, ìyá wa ti fi fún wa mu pẹ̀lú ọmú, ohun tó kù ni kí a má jẹ́ kí àmì tàn wá. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí fi fọ́tò ìyá àgbà rẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ kọ pé ìyá àgbà rẹ rẹwà, mo kọ: Seu avô é lindo. Ó ní kí n wo fọ́tò náà dáadáa. Avô, pẹ̀lú o bíi ti owó, bàbá àgbà ni. Avó, pẹ̀lú ọ bíi ti ọwọ́, ìyá àgbà ni. Sua avó é linda ló yẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, mo ṣi mẹ́ta.

Seu àti sua náà ní ọ̀ràn tiwọn: ó lè jẹ́ tìrẹ, ó lè jẹ́ tirẹ̀. Àwa ń fi ohùn ya rẹ àti rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn kò ní ohùn tí wọ́n máa fi yà á, nítorí náà bí ẹ bá ń sọ ti ẹlòmíràn, ẹ lo dele fún ọkùnrin, dela fún obìnrin. Vi seu namorado, mo rí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ, lè dá ìjà sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ti àbúrò rẹ̀ ni ẹ ń wí.

Ọkùnrin àti obìnrin inú èdè yẹn, mo ṣì ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀ títí dòní. Ó ni ó lọ́dọ̀ tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, ele ni ọkùnrin, ela ni obìnrin, ohun aláìlẹ́mìí pàápàá sì ní ẹ̀yà tirẹ̀. Mo ń da gbólóhùn ọ̀rẹ́ mi kọ bó ṣe rí: ó kọ estou apaixonada, èmi náà kọ estou apaixonada. Bí ọkùnrin bá ń sọ ti ara rẹ̀, apaixonado, cansado, obrigado. Bí obìnrin bá ń sọ ti ara rẹ̀, a ló ń parí rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kọ́ ló ń pinnu ìyẹn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú o (ti ọkùnrin) tàbí a (ti obìnrin) níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́: o amor, o beijo, o carinho, o ciúme, a saudade, a vida, a paixão. Ọ̀rọ̀ tó bá parí pẹ̀lú ção sábà máa ń jẹ́ obìnrin, a relação, a traição, a emoção. Coração ló ya ìyàkuyà, o coração ni.

Ọ̀rọ̀ tó gba ìwé mi jù ni ficar, ojú ewé mẹ́ta àtààbọ̀. Ó ń jẹ́ dúró: fica aqui, dúró síbí. Ó ń jẹ́ wà: o mercado fica perto, ọjà wà nítòsí. Ó ń jẹ́ kí ìṣesí yí padà: fiquei triste, inú mi bàjẹ́. Ó sì ń jẹ́ ohun tí àwa kò ní orúkọ gidi fún: kí ẹni méjì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu níbi àríyá, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí àdéhùn kankan. Ẹni tí ẹ bá ń bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra ni ficante. Com ló ń tú àṣírí rẹ̀: ficar com alguém. Òjò ńlá kan ká mi mọ́ ọ̀nà lọ́jọ́ kan tí mò ń ti Ọjà Ọba bọ̀, mo yà sí ilé ìyá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ládùúgbò wa, ìyá tó ti lé ní 70 ọdún. Ó fún mi ní méjì jẹ, pẹ̀lú ẹ̀kọ. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn: Choveu muito e fiquei com a vizinha. Foi muito bom. Òjò pọ̀, èmi àti aládùúgbò mi obìnrin sì ṣe é. Ó dára gan-an. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi dá mi lóhùn. Fiquei na casa da vizinha, mo dúró sílé aládùúgbò mi, ni ǹ bá kọ. Casa yẹn ni ààbò mi.

Lẹ́yìn ficar, àtẹ̀gùn yòókù kò le. Estamos saindo, à ń jáde pọ̀. Namorar, ìyẹn ni pé a ti di ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin tí ẹbí lè mọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró de ìbéèrè gidi, quer namorar comigo?, ẹni tí wọ́n bá sì bi máa ní láti dáhùn. Ìṣíhùn tiwọn nìyẹn. Noivo àti noiva ni àfẹ́sọ́nà. Noiva náà ni wọ́n ń pe ìyàwó lọ́jọ́ tó wọ aṣọ funfun. Òrùka, aliança, ọwọ́ ọ̀tún ló ń wà nígbà àfẹ́sọ́nà, ó di ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó sún lọ sí òsì, nítorí náà ẹ wo ọwọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbé pọ̀ láìlọ sí kóòtù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tí òfin Brasil sì kà sí ìdílé, união estável ni wọ́n ń pè é. Companheiro tàbí companheira ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn. Àna tiwa, ẹyọ kan, lọ́dọ̀ wọn ó pín: sogro àti sogra, bàbá àti ìyá ọkọ tàbí ìyàwó, cunhado àti cunhada, ọkùnrin àti obìnrin tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn, genro, ọkọ ọmọ ẹni, nora, ìyàwó ọmọ ẹni. Orogún àti ìyálé, ẹ má wulẹ̀ wá wọn.

Ìyàwó ńkọ́? Mo gbọ́ iaô lẹ́nu rẹ̀, inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wa ni lóòótọ́, ìyàwó ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brasil, ló ń jẹ́, ọkùnrin lè jẹ́ ẹ. Ìyàwó ilé ni esposa, tàbí mulher.

Ohun tí wọ́n ń kọ lórí fóònù kò sí nínú ìwé kankan tí mo rà. Kkkk, ẹ̀rín ni. Mo rò pé bọ́tìnnì rẹ̀ ló há. Rs náà, ẹ̀rín ni. Vc ni você, tb ni também, pq ni porque, sdds ni saudades, bjs ni beijos. Beijos yìí kó bá mi, torí ó ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ojoojúmọ́ ló ń fẹnu kò mí lẹ́nu. Nígbà tí obìnrin kan tó fẹ́ ra bátíìkì ní púpọ̀ kọ bjs sí mi lẹ́yìn tí a ti dúnàá dúrà tán, ojú mi là. Ó dàbọ̀ lásán ni. Ọkùnrin sí ọkùnrin, abraço ni. Oi, sumida, ìwọ tó sọnù, tí mo rò pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ni, máa ń ní ẹ̀rín ìfẹ́ nínú. Mo kọ ọ́ sí oníbàárà kan náà yẹn, ọkọ rẹ̀ ló fèsì.

Gato ńkọ́? Você é um gato, ó ní ológbò ni mí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ológbò dúdú lóru ń jẹ́ ní ilé wa. Ẹni tó rẹwà ló ń sọ. Meu nego pẹ̀lú, dúdú mi, ìkẹ́ ni lẹ́nu àwọn ará Bahia tí wọ́n bá jọ mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi pe ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Òkè-Fìà tó ti ṣiṣẹ́ ní Luanda, olú ìlú Àngólà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Potogí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí." Wọ́n ka ìlà kejì, wọ́n bọ́ awò ojú. "Rapariga lo kọ yìí? Ta ni o fẹ́ fi rán?" Mo ní Brasil. Wọ́n ní kí n fà á ya. Orí ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti Pọ́túgàl ni mo ti kó rapariga, níbẹ̀ ọmọbìnrin lásán ni. Ní Brasil, pàápàá lápá Bahia sókè, aṣẹ́wó ni. Moça tàbí garota ni kí n lò. Àwọn ló sọ fún mi pé ará Pọ́túgàl kì í sábà sọ eu te amo, amo-te ni. Pé tu ni wọ́n fi ń bá olólùfẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, você lè dún bí ẹni tó ń tini sẹ́yìn. Ní Brasil, você ló wọ́pọ̀ jù fún olólùfẹ́ àti ọ̀rẹ́. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? A senhora. Ẹ tiwa nìyẹn, mo dúpẹ́ pé ó wà. Wọ́n tún sọ pé bí ti Àngólà bá ni, kí n kọ́ alambamento, torí ìdána wà níbẹ̀ bíi tiwa, wọ́n sì ń gba ẹrù. Ẹ mọ orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ.

Ọjọ́ pẹ̀lú. Mo kí i ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó ní kí ni mò ń kí òun fún. Dia dos Namorados, ọjọ́ olólùfẹ́ tiwọn, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni, àìsùn ọjọ́ Santo Antônio, ẹni mímọ́ tí wọ́n gbà pé ó ń báni wá ọkọ. Nígbà tí ọjọ́ yẹn dé, n kò kọ nǹkan kan.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ fún mi kò gba ju ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́. Gbólóhùn 5, kì í ṣe ọ̀rọ̀ 20. Ìlà mẹ́rin ni mo fà sójú ewé: gbólóhùn bí ẹnì kan ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ fún, bó ṣe dún ní lẹ́tà Yorùbá, ohun tí àwa máa sọ níbi kan náà, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ń padà sí i lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹrìndínlógún, tí mo fi ọwọ́ bo Potogí. Èyí tí mo bá gbàgbé á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Bí mo bá ń yọ́ ìda lórí iná, tí ọwọ́ mi méjèèjì dí, ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ni mò ń gbọ́. Bí ẹ̀rọ ìtumọ̀ bá fún yín ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ má lò ó. Ẹ dá Potogí náà padà sínú ẹ̀rọ ìwákiri, kí ẹ wo gbólóhùn mẹ́wàá tó ti jáde. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún amante, ọkọ, ìyàwó, ẹjọ́ àti ìjà ni ǹ bá rí yíká rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ tẹ a mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ã á yọ. Ẹ tẹ c mọ́lẹ̀, ç á yọ. Pão, búrẹ́dì, láìsí imú á di pau, igi, igi yẹn sì ní ìtumọ̀ mìíràn tí n kò ní kọ síbí.

Ìlà kẹrin yẹn ló jẹ́ kí n rí saudade bó ṣe rí. Wọ́n máa ń ní kò sí èdè tó ní irú rẹ̀. Àárò ni. Àárò rẹ ń sọ mí: estou com saudade de você. Bateu saudade, àárò sọ mí lójijì. Matar a saudade, wọ́n pa àárò, ìyẹn ni pé wọ́n fojú kan ara wọn. Owú náà, estou com ciúme. Lọ́dọ̀ tiwa, àárò ló ń sọni; lọ́dọ̀ wọn, ẹni náà ló wà pẹ̀lú àárò, com.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni n kò kọ, torí n kò rò pé màá nílò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó kọ: A gente precisa dar um tempo. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. A gente, àwa, precisa, gbọ́dọ̀, dar, fún, um tempo, àkókò kan. Wákàtí mẹ́rin ni Òṣogbo fi ṣáájú Salvador, ìpè wa sì ti ń ṣe ségesège láti ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rò pé ó fẹ́ ká mú àkókò kan ni. Mo dáhùn pẹ̀lú ìdùnnú: Que horas? Dez da noite aqui, seis da tarde aí? Aago mélòó? Mẹ́wàá alẹ́ níbí, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún?

Kkk kan dé, mẹ́ta péré. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan.

Dar um tempo, kí á fi ara wa sílẹ̀ ná. Mo kọ ọ́ lóru yẹn, mo kọ àwọn ẹbí rẹ̀ tì í: levar um fora, kí wọ́n kọni, terminar com, kí ìfẹ́ parí, fazer as pazes com, kí ìjà parí, voltar com, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ara wọn. Mo yẹ ọmọ ẹ̀yìn wọn wò lẹ́ẹ̀mejì kó má baà jẹ́ pé èmi ló ṣì í kọ. Terminar pàápàá, com ló ń bá rìn.